Bàbá Mi, Sítókà: Ọjọ́ Tí A Wọ Inú HMS Belfast

Bí ẹ bá fẹ́ mú àgbà tó ti ṣiṣẹ́ néfì rí lọ wo ọkọ̀ ogun tí wọ́n ti sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó kúrò nílé pé apá ibo nínú ọkọ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú wọn lọ. Ẹ jẹ́ kí àgbá àti àsíá dúró ná. Ohun tí mo rí kọ́ nìyí lọ́jọ́ tí èmi àti bàbá mi lọ sínú HMS Belfast ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé àwa ọmọ sójà, ọmọ ọlọ́pàá àti ọmọ néfì tí a dàgbà sínú ilé tí bàbá kì í ti í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré níye.

Ọ̀dọ́mọdé ni bàbá mi nígbà tí wọ́n wọṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà, ogun abẹ́lé ò sì tíì bẹ́ sílẹ̀ nígbà náà. Sítókà ni wọ́n, ìyẹn àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì. Ohun tó ṣẹ́kù nílé fún wa nínú iṣẹ́ náà kò ju fọ́tò kan lọ, èyí tí wọ́n wọ funfun báláú, tí fìlà wọn tẹ̀ síwájú díẹ̀, àti àwọn ìwà kan tí a kàn gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Aago mẹ́rin ìdájí ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n máa ń jí, láìsí ẹni tó jí wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kọjá, wọn á gbé ẹsẹ̀ sókè gan-an, kódà níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Bí àtẹ̀gùn bá ga, wọn á kọjú sí i, wọn á máa fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti apá òsì, àfi kí ẹ pariwo. Màmá wa a máa ní, "Bàbá yín dìídì dití ni, kí wọ́n má baà gbọ́ tèmi."

Bí a bá bi wọ́n léèrè ogun, ìdáhùn wọn kì í yí padà: "Kí ni mo rí? Ìsàlẹ̀ ni mo wà." Wọn á sì yí ọ̀rọ̀ sí nǹkan mìíràn. Ẹni tó jókòó tì mí ní kíláàsì nígbà náà, bàbá rẹ̀ ja ogun kan náà, ó ní àpá lẹ́sẹ̀, ó sì ní ìtàn tó máa ń sọ tí gbogbo wa á dákẹ́. Tèmi wà nísàlẹ̀.

Àbẹ̀wò ni wọ́n wá ṣe sọ́dọ̀ mi nígbà tí mo dábàá pé ká lọ wo ọkọ̀ náà. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí ni àwọn fẹ́ lọ wò nínú ọkọ̀ àwọn òyìnbó. Mo ní ó ní ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní ṣé ẹ́ńjìnnì tó ṣeé wọ inú rẹ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n lọ wọ bàtà.

HMS Belfast dúró lójú odò Thames, láàárín London Bridge àti Tower Bridge, ìrìn díẹ̀ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Gígùn rẹ̀ tó mítà 187. Harland & Wolff ló kàn án ní ìlú Belfast, wọ́n sì sọ ọ́ sómi ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1938. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1939, ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ tí bọ́ǹbù tí àwọn Jámánì dẹ sábẹ́ omi fi bú gbàmù lábẹ́ rẹ̀, ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, tó sì kán an lẹ́yìn. Wọ́n tún un ṣe títí ọdún 1942 fi ń parí lọ. Ó wà lára àwọn tó ri ọkọ̀ ogun Jámánì tí wọ́n ń pè ní Scharnhorst ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1943. Ó wà ní etíkun Normandy ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1944, ó sì tún lọ jagun ní Kòríà. Láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1971 ni wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ fún aráàlú. Abẹ́ Imperial War Museums ló wà báyìí.

Orí òkè ni àwọn èrò ti máa ń pé jọ sí, nídìí àgbá. Ọkọ̀ náà ní àgbá méjìlá, mẹ́ta-mẹ́ta nínú ilé irin mẹ́rin. Wọ́n á sọ fún yín pé àwọn ti iwájú dojú kọ ibi tí àwọn awakọ̀ ti máa ń sinmi lójú ọ̀nà M1 ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà tó tó máìlì méjìlá, pé ọta wọn á sì dé ibẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ yẹn dùn mọ́ àwọn òyìnbó. Bàbá wo àgbá náà, wọ́n ní "Ó dáa," wọ́n sì bi mí pé níbo ni wọ́n ń gbà lọ sísàlẹ̀.

Àjà mẹ́sàn-án ló wà nínú ọkọ̀ náà, ọ̀kan lórí èkejì. Yàrá bọ́ílà àti yàrá ẹ́ńjìnnì ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní abẹ́ ibi tí omi odò dé. Àtẹ̀gùn irin ibẹ̀ ga, ó tún há. Ẹ̀rù orúnkún bàbá mi ń bà mí. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣáájú, kí n lè máa dì yín mú."

"Ṣáájú kẹ̀? Àbẹ̀kẹ́, bọ́ sẹ́yìn."

Wọ́n yí padà, wọ́n kọjú sí àtẹ̀gùn, wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èmi tí mo fẹ́ di wọ́n mú ni mo ń wá ibi tí màá gbé ẹsẹ̀ sí. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti pariwo sí mi pé, "Ọwọ́ kan fún ọkọ̀, ọwọ́ kan fún ara rẹ!" Nílé, bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá gun nǹkan, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n máa ń sọ. Kò sí ọkọ̀ nítòsí, kò sí omi, a sì ti gbà pé àṣà ọ̀rọ̀ tiwọn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àwọn atukọ̀ káàkiri ayé ni: ọwọ́ kan ni kí o fi ṣiṣẹ́ ọkọ̀, kí o fi èkejì di nǹkan mú kí o má baà ṣubú.

Nísàlẹ̀, ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní irin tó ga sókè nílẹ̀, kí omi tó bá wọ yàrá kan má baà tètè ṣàn wọ èyí tó tẹ̀ lé e. Mo fi ojúgun gbá àkọ́kọ́, mo sì tún gbá èkejì. Bàbá kò wolẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá mi sọ lọ, ẹsẹ̀ wọn sì ń gòkè fúnra rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe máa ń gbé e ní ẹnu ọ̀nà pálọ̀ wa gẹ́ẹ́ ni, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Ilẹ̀kùn méjì ni ẹ máa gbà kí ẹ tó wọ yàrá bọ́ílà, pẹ̀lú àyè kékeré láàárín wọn. Bàbá dúró láàárín méjèèjì, wọ́n bi mí pé kí ló fà á. Mo ní mi ò mọ̀. Inú wọn dùn pé mi ò mọ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ ńlá ló ń fẹ́ atẹ́gùn sínú yàrá yẹn kí iná lè jó dáadáa nínú bọ́ílà. Atẹ́gùn inú ibẹ̀ le ju ti ìta lọ. Bí ilẹ̀kùn méjèèjì bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, atẹ́gùn náà á tú jáde, iná á sì padà sẹ́yìn, á bẹ́ jáde sí ojú àwọn tó dúró níwájú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ ti ọ̀kan kí ẹ tó ṣí èkejì. "Ẹni tó bá ń kánjú ní ibí yìí, ará iwájú ló máa pa."

Àwọn fúnra wọn ò sì ṣiṣẹ́ pẹ̀lú bọ́ílà báyìí rí. Wọ́n kàn kọ́ wọn nípa rẹ̀ ni. Ọkọ̀ tiwọn, NNS Nigeria, dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu. Ilé iṣẹ́ kan ní Schiedam, ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ló kàn án, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Nàìjíríà ní ọdún 1965. Nígbà ogun abẹ́lé, òun ni ọkọ̀ àgbà nínú àwọn ọkọ̀ ogun wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí NNS Obuma. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Belfast, ọkọ̀ kékeré ni. Bọ́ílà mẹ́rin ló wà nínú Belfast, wọ́n ń ta ooru omi gbígbóná sí tọ́báìnì mẹ́rin, ìyẹn ẹ̀rọ tí ooru náà ń yí, agbára gbogbo rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 80,000. Bàbá ka nọ́ńbà yìí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin. Àwọn mélòó ló ń fọ̀ ọ́?"

Páìpù ni ohun tó kù nínú yàrá yẹn, páìpù lórí páìpù, pẹ̀lú àwọn gééjì àti fáàfù tí wọ́n kun ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Mo rí i tí bàbá mi na ọwọ́ sí ọ̀kan. Wọn ò fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi sún mọ́ ọn, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n tó wá yí ọwọ́ padà dì í mú. Irin yẹn ti tutù láti ọdún 1963 tí ọkọ̀ náà ti fẹ̀yìn tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa ń fọwọ́ kan kẹ́tù nílé, àti bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, àti jẹnẹrétọ̀. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní, "Bí ẹ̀yìn ọwọ́ bá jó, o ṣì lè di sípánà mú. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá jó, ẹlòmíràn ló máa ṣiṣẹ́ rẹ."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá ń jáde. Mi ò bi wọ́n léèrè ogun mọ́. Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n máa ń dúró sí. Mo bi wọ́n pé irú bàtà wo ni wọ́n ń wọ̀, pé báwo ni wọ́n ṣe ń gbọ́ ara wọn nínú ariwo bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà báyìí nílé, ìbéèrè kékeré ni kí ẹ máa bi wọ́n. "Ẹ sọ ìtàn ogun fún mi" wúwo jù, ẹnu ò lè gbé e. "Níbo ni ẹ máa ń sùn sí?" Èyí ní ìdáhùn. Ìdáhùn kan á sì fa òmíràn wá.

Báyìí ni mo ṣe mọ ìdí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń pín iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun: aago méjìlá òru sí mẹ́rin, mẹ́rin sí mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́jọ nìkan ni wọ́n máa ń là sí méjì, ní wákàtí méjì-méjì. Nítorí èyí, ìpín iṣẹ́ tó wà nínú ọjọ́ kan á jẹ́ méje dípò mẹ́fà, àkókò iṣẹ́ á sì máa yí láti ọwọ́ dé ọwọ́, kí ti òru má baà jẹ́ ti àwọn kan náà lójoojúmọ́. Ọgbọ́n yìí wù mí gan-an. Ti aago mẹ́rin ìdájí ni bàbá mi fẹ́ràn jù, nítorí ọkọ̀ máa ń tutù díẹ̀. "Ẹni tó o fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Bí o bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́, o ti jí ìṣẹ́jú márùn-ún nínú oorun rẹ̀. Olè ni ẹ́." Nítorí náà, wọ́n máa ń dé ṣáájú. Ó ti ju ogójì ọdún lọ tí ẹnikẹ́ni ti dúró dè wọ́n nídìí ẹ́ńjìnnì kẹ́yìn, wọ́n ṣì ń jí.

Mo sì bi wọ́n léèrè etí. Wọ́n nawọ́ síwájú, wọ́n fi bí wọ́n ṣe máa ń dúró hàn mí: ojú sí gééjì, ọwọ́ ọ̀tún sí fáàfù. "Ẹ́ńjìnnì wà ní apá òsì mi." Kò sí ohun tí wọ́n fi ń bo etí nígbà náà. Òwú ni àwọn kan ń kì bọ̀ ọ́. Mo rántí ẹ̀fẹ̀ màmá wa, mi ò sì rẹ́rìn-ín.

Bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa dáhùn ìbéèrè àwọn àlejò. Òun náà ti ṣe sítókà rí nínú néfì Ìlú Ọba. Àwọn méjèèjì kí ara wọn, wọ́n bọwọ́, kò sì pẹ́ tí mo fi rí i pé wọn ò gbọ́ ara wọn dáadáa. Adití pàdé adití. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bàbá mi fi ìka méjì gbá ọrùn ọwọ́ wọn, òyìnbó náà rẹ́rìn-ín, ó mọ̀ ọ́n: ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ ti dé. Bàbá mi gbá àárín orí, ìyẹn ni pé ọ̀gá ń bọ̀. Òyìnbó náà ní rárá o, èjìká ni tiwọn máa ń fọwọ́ kàn, níbi tí ipò wà lára aṣọ. Wọ́n jiyàn lórí èyí.

Kò yẹ kó yà mí lẹ́nu pé díẹ̀ nínú àmì náà bára mu. Ní ọdún 1956 ni wọ́n dá ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà sílẹ̀, àwọn ọ̀gá òyìnbó ló sì kọ́kọ́ darí rẹ̀. Ọdún 1964 ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ gba ipò náà, Joseph Wey. Bàbá mi ò jẹ́ kí òyìnbó yẹn lọ kí wọ́n tó sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì ni Wey fúnra rẹ̀ kọ́, pé nídìí iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ti gòkè. Ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́ yàtọ̀. Mi ò gbọ́ kí wọ́n fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni rí, títí kan èmi tí mo ṣe yunifásítì.

Nígbà tí a tún ku àwa nìkan, mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe bí ìjà bá bẹ̀rẹ̀.

"Wọ́n á ti ilẹ̀kùn."

"Wọ́n á tì í lé yín lórí?"

"Wọ́n á tì í lé wa lórí."

"Bí omi bá wọlé ńkọ́, Bàbá?"

"Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tì í."

Wọ́n fi awo rógódó kan hàn mí lára ògiri, èyí tí wọ́n fi ń fi àṣẹ ránṣẹ́ láti òkè. Abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ló ń sọ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ bóyá kí ọkọ̀ lọ síwájú, kó lọ sẹ́yìn, kó sáré tàbí kó dúró. Wọ́n ní ohun tí àwọn rí nígbà tí ọkọ̀ wa lọ sí Bonny ní oṣù Keje ọdún 1967 nìyẹn. Àwọn sójà ń bọ́ sílẹ̀ sí etí omi, àgbá ń dún lókè, gbogbo ara ọkọ̀ ń gbọ̀n. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń wo abẹ́rẹ́. Bó bá yí, wọ́n á yí fáàfù. Bó bá pẹ́ kó tó yí, wọ́n á máa wo ojú ara wọn. Ìròyìn pé Bonny ti bọ́ sọ́wọ́, alásè ló mú un wá bá wọn.

Mo gbọ́ "ìsàlẹ̀ ni mo wà" bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ náà, tòun ti awo àti abẹ́rẹ́ àti ilẹ̀kùn títì.

Ní ibi tí wọ́n ti ń sọ ìtàn Scharnhorst, mo ka ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Ènìyàn 1,968 ló wà nínú ọkọ̀ Jámánì náà. Àwọn tí wọ́n rí yọ nínú omi jẹ́ 36. Òkùnkùn, omi dídì, àríwá Norway. Bàbá ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè pé, "Sítókà mélòó ló wà nínú àwọn mẹ́rìndínlógójì yẹn?" Mi ò rí i kà níbẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń fẹ́ kọjá, a sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, Bàbá ò sì tíì fẹ́ kúrò. Wọ́n ní àwọn yẹn náà ní ẹni tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Bóyá ohun tí wọ́n sọ yìí ló fún mi láyà láti béèrè ohun tí mo ti ń gbé kiri fún ọdún púpọ̀. Láti ọdún 1967 ni àwọn ọkọ̀ ogun Nàìjíríà ti dí ojú òkun mọ́ Bìáfrà. Nígbà tí Bonny, Calabar àti Port Harcourt ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, tó fi máa di oṣù Karùn-ún ọdún 1968, kò sí ọ̀nà omi mọ́ fún wọn. Ebi pa àwọn ènìyàn kú níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn ọmọdé ló sì pọ̀ jù. Mo ní ọ̀rẹ́ tó jẹ́ ọmọ Ìgbò, ìyá rẹ̀ gbé ogun yẹn já, àwọn àbúrò ìyá rẹ̀ kò gbé e já. Mo ti jókòó ní pálọ̀ ìyá yẹn. Wọ́n béèrè iṣẹ́ tí bàbá mi ṣe lọ́wọ́ mi, mo ní wọ́n ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ.

Mo ní, "Bàbá, ọkọ̀ tí ẹ wà nínú rẹ̀, ó wà lára àwọn tó dí òkun. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣe fún àwọn tó wà lórí ilẹ̀?"

Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọn ò bínú. Wọ́n fọwọ́ nu ojú gééjì kan tó wà nítòsí wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Ní ìbẹ̀rẹ̀, a ò mọ̀." Ó pẹ́ díẹ̀. "Nígbà tó yá, a mọ̀."

Mo dúró bóyá wọ́n máa fi nǹkan kún un. Wọ́n ní kí a lọ wo ilé ìdáná.

Mi ò tún béèrè. Àmọ́ mo ti ń rò ó láti ìgbà náà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bí irú èyí máa ń jẹ́ kí ènìyàn fẹ́ràn ọkọ̀. Ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn mọ rírì ẹni tó fọ páìpù, ẹni tó yan búrẹ́dì, ẹni tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì aláṣọ tí wọ́n so kọ́ àjà, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kan án. Ó dára bẹ́ẹ̀, tìtorí rẹ̀ ni mo ṣe lọ. Àmọ́ ibi tí ọkọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni, ìfẹ́ ẹ́ńjìnnì ò sì lè dáhùn rẹ̀. Bàbá mi jẹ́ òṣìṣẹ́ tó dáńtọ́ nínú ọkọ̀ kan tó ṣe ohun tí mi ò lè yangàn sí. Méjèèjì ni mo mú kúrò níbẹ̀, mi ò sì rí ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ "a mọ̀" yẹn, àwọn ọ̀gá ńlá púpọ̀ ló kú láìsọ ọ́.

Ohun kan wà tó dùn mọ́ wọn ní òkè, nígbà tí a dé ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ń sùn sí. Nígbà ogun Kòríà, ní oṣù Keje ọdún 1952, ọta kan láti etíkun ba ọkọ̀ náà. Ẹni kan ṣoṣo tó pa jẹ́ ọmọ Ṣáínà kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀, orí bẹ́ẹ̀dì aláṣọ rẹ̀ ló sì bá a. Kò sí nídìí àgbá, kò sí lórí òkè níbi tí ọ̀gá wà. Bàbá ní ó dára tí ìtàn rẹ̀ ò sọnù. Wọ́n wá ń ka orúkọ àwọn tí àwọn jọ ṣiṣẹ́ jáde lẹ́nu, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, pẹ̀lú ìlú tí kálukú ti wá. Mo yọ fóònù mo sì tọrọ ààyè kí n gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n gbà. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wá ibi tí àgbà lè jókòó sí, kí ẹ sì má kánjú. Ohùn wọn lórí fóònù mi kò pọ̀, atẹ́gùn odò sì bo díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn orúkọ yẹn gbọ́ dáadáa.

A ra ìwé kékeré kan lójú ọ̀nà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá ní àwọn fẹ́ ya yàrá ẹ́ńjìnnì NNS Nigeria sínú rẹ̀ kí àwọn tó gbàgbé. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n díẹ̀, nítorí náà èmi ni mò ń yà á, àwọn ń tọ́ka. Ẹ́ńjìnnì síhìn-ín, àtẹ̀gùn sọ́hùn-ún, táńkì omi mímu, ibi tí wọ́n ń fi aṣọ ìnuwọ́ kọ́. Nígbà tí a dé ibi tí pọ́ńpù kan wà, wọn ò dá ara wọn lójú, wọ́n ní kí n pe ọ̀rẹ́ wọn kan ní Èkó tí àwọn jọ wà nísàlẹ̀. Mo gbé e sí ohùn gbangba. Òun náà ò gbọ́ràn mọ́. Àwọn méjèèjì ń pariwo mọ́ ara wọn lórí ibi tí pọ́ńpù wà ní 1967, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Ọ̀rẹ́ wọn ní, "Ìwọ tí o máa ń sùn nídìí ibẹ̀, báwo lo ṣe máa mọ̀?" Mo kọ "ọ̀tún", mo pa á rẹ́, mo kọ "òsì", Bàbá gba bírò lọ́wọ́ mi.